Níbi Tí Wọn Kì Í Ti Í Pe Ẹnikẹ́ni Ní Ẹ̀gbọ́n

Ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí ní Lọ́ńdọ̀nù, ìbéèrè tó kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí ìpàdé tó jìnnà sí Peckham díẹ̀?" Mo mọ ohun tó ń sá fún. Peckham ni màmá ìjọ rẹ̀ ti ń ra iṣu, ibẹ̀ náà ni àna rẹ̀ ti ń gẹrun. Síbẹ̀, ìpàdé tó sún mọ́lé ni mo máa ń ní kó kọ́kọ́ lọ. Òùngbẹ ọtí kì í ránṣẹ́ ṣáájú. Bó bá dé lálẹ́ tí òjò ń rọ̀, ìpàdé tó jẹ́ pé bọ́ọ̀sì méjì ló máa gbé e débẹ̀, kò ní lọ. Mo wa bọ́ọ̀sì nílùú yìí títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo mọ bí bọ́ọ̀sì kejì ṣe máa ń pẹ́ tó.

Ẹ jẹ́ kí orúkọ mi wà lápò mi. Alcoholics Anonymous, tí gbogbo wa ń pè ní AA, ni mò ń lọ, a kì í sì í tú ara wa síta. Ẹni tó bá rí yín níbẹ̀, kí lòun náà wá ṣe? Bí ọ̀rọ̀ àṣírí bá ká yín lára jù, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìpàdé kọ̀ọ̀kan nínú àtòkọ ìpàdé. Èyí tí wọ́n bá kọ "open" sí, mọ̀lẹ́bí lè wọlé, akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì lè wọlé, ẹni tó kàn fẹ́ mọ̀ náà lè wọlé. "Closed" ni ti ẹni tó fẹ́ fi ọtí sílẹ̀ nìkan. Kò sówó ìwọlé, kò sí fọ́ọ̀mù.

Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ọtí lẹ fi ń la ojú láàárọ̀, tí ọwọ́ yín ń gbọ̀n bí ẹ ò bá tíì mu, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà lọ. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ jáwọ́ lójijì lè fa gìrì, ó lè mú kó máa rí ohun tí kò sí, ó sì lè pa á.

Ẹ wo bí AA ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní 1935, nílùú Akron ní Amẹ́ríkà, Bill Wilson, oníṣòwò láti New York, àti Bob Smith, dókítà oníṣẹ́ abẹ, jọ jókòó sọ̀rọ̀. Ọ̀mùtí làwọn méjèèjì. Ohun tí ìyàwó sọ tí kò wọlé, tí àlùfáà sọ tí kò wọlé, nígbà tó ti ẹnu ọ̀mùtí ẹlẹgbẹ́ ẹni jáde, ó wọlé. Ìyẹn ló bí AA, tó sì dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1947. Nítorí náà, bí ẹ bá ń wá ìpàdé, ẹni tí yóò la ẹnu tí ẹ ó fi ní "Háà, èmi nìyẹn" lẹ ń wá. Inú garawa ìrẹsì ni mo máa ń fi ìgò tèmi pamọ́ sí. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan (n kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ) ní inú páálí ọṣẹ ìfọṣọ ni tòun máa ń wà. Mo rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ lójú mi, mo sì ti mọ̀ pé màá padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Gbogbo ìpàdé jọ ń jẹ́ AA ni, ìwà wọn ò dọ́gba. Níbì kan, ẹnì kan ṣoṣo ló máa sọ ìtàn ayé rẹ̀. Níbòmíràn, ìwé AA tí wọ́n tẹ̀ ní 1939 ni wọ́n máa kà díẹ̀díẹ̀. Ti àwọn obìnrin wà, ti Zoom wà fún oníṣẹ́ òru. Ẹ dé bíi mẹ́fà kí ẹ tó sọ pé kò bá yín lára mu.

Ohun tó máa ń le jù fún àgbà nínú wa ni orúkọ. Orúkọ àbísọ nìkan ni wọ́n ń pe èèyàn níbẹ̀, kò sí Alhaji, kò sí Olóyè. Ọmọ tí mo lè bí á ní "ẹ ṣeun" fún mi, á wá la orúkọ mi mọ́ ọn gbàù. Ó dùn mí wọra nígbà kan, kí n má purọ́. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ já lu ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn tàbí gbà á nímọ̀ràn tí kò bèèrè. Ẹ wo bí ìyẹn ṣe máa rí lára bàbá Ìjẹ̀bú.

Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ ìpàdé ti ń wáyé, ṣùgbọ́n wọ́n yá a ni, owó tí ọmọ ẹgbẹ́ bá dá ni wọ́n fi ń sanwó rẹ̀. Wọ́n máa ń dárúkọ Ọlọ́run, bí oníkálùkù bá ṣe mọ̀ Ọ́n, Mùsùlùmí ń lọ, aláìgbàgbọ́ ń lọ. Ẹni tí ìyẹn bá ṣì ń gún lára, kó wo SMART Recovery, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1994: bí a ṣe ń darí ìrònú ẹni ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ẹ sì lè dá ara yín lóhùn. Ní ti AA, ìwádìí àjọ Cochrane, tó ń ṣe àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn, tó jáde ní 2020, tó kó iṣẹ́ ìwádìí 27 jọ, fi hàn pé ètò ìtọ́jú tó ń darí èèyàn síbẹ̀ ń mú kí èèyàn púpọ̀ sí i wà láìmutí ju àwọn ìtọ́jú mìíràn tó gbajúmọ̀ lọ.

Bí ìpàdé bá parí, ẹ má sáré jáde. Ìgbà tí wọ́n bá ń fọ ife tíì ni wọ́n ń gba nọ́ńbà fóònù ara wọn, ibẹ̀ náà lẹ ti máa rí ẹni tó lè di onígbọ̀wọ́ (sponsor) yín, ìyẹn ẹni tó ti jáwọ́ ṣáájú yín tí yóò máa tọ́ yín sọ́nà. Ìyàwó tàbí ọkọ tó bá fẹ́ tẹ̀ lé yín náà ní ilé tirẹ̀: Al-Anon, tí Lois, ìyàwó Bill Wilson, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 1951. Kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn bí yóò ṣe máa da ọtí ọkọ rẹ̀ nù sínú síńkì, wàhálà tirẹ̀ ló ń gbé lọ síbẹ̀.