Ṣé o mọ̀? Ẹni tó run Baghdad ló kọ́ ilé ìwòràwọ̀

Hulagu, olórí ogun Mongol, ọmọ-ọmọ Genghis Khan, tó run Baghdad ní oṣù Kejì ọdún 1258, òun náà ló náwó sí ilé ìwòràwọ̀ ńlá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní Maragheh, ní ilẹ̀ Ìráànì, ní 1259.

Ní Baghdad, àwọn ọmọ ogun Mongol rẹ̀ pa ará ìlú lọ bẹẹrẹ. Ìtàn tó gbajúmọ̀ jù ni pé kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi wé al-Musta'sim, kálífà tó jọba ní Baghdad, kí wọ́n tó fi ẹṣin tẹ̀ ẹ́ pa, torí èèwọ̀ ni lọ́dọ̀ wọn kí ẹ̀jẹ̀ ọba kan ilẹ̀. Ní Maragheh, onímọ̀ ìràwọ̀ Nasir al-Din al-Tusi kó àwọn onímọ̀ jọ, wọ́n ń wọn ìrìn ìràwọ̀ lóru, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé tí àwọn Mongol kó nígbà ogun Baghdad wà lára èyí tí àwọn onímọ̀ náà ń kà. Kí a má tan ara wa: ìmọ̀ náà níye lórí, ṣùgbọ́n kò san gbèsè ẹ̀mí ẹnì kankan.

Nígbà tí ìwé ìṣirò ìràwọ̀ wọn parí ní nǹkan bí 1272, oyè ìdílé Hulagu, Ilkhan, ni wọ́n fi sọ ọ́: Zij-i Ilkhani.