Ìyà tí ó kọ́ ni ní àánú

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń sọ nígbà tí àwọn ọmọ bá ń ráhùn: «Àwa náà jìyà kí a tó dé ibi tí a wà.» Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni a fi ìyà náà ṣe? Àwọn kan fẹ́ kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn jẹ irú rẹ̀. Àwọn mìíràn rántí kòtò tí wọ́n já sí, wọ́n sì dí i. Ẹ gbọ́ ìtàn obìnrin kan tí ó dí kòtò.

Mary McLeod Bethune ni orúkọ rẹ̀. A bí i ní ọdún 1875 ní Mayesville, ní South Carolina ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Bàbá àti ìyá rẹ̀ ti ṣe ẹrú rí. Ọmọ 17 ni wọ́n bí, òun sì ni ọmọ kẹẹ̀dógún. Láti kékeré ni ó ti ń já òwú lóko. Ní ọjọ́ kan, nínú ilé aláwọ̀ funfun kan, ó mú ìwé lọ́wọ́. Ọmọ ilé náà ní kí ó gbé e sílẹ̀, nítorí kò mọ̀wé. Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Nígbà tí iléewé dé, ó ń fi ẹsẹ̀ rin nǹkan bí kìlómítà 8 lọ síbẹ̀. Bí ó bá padà dé, a máa kọ́ àwọn ará ilé rẹ̀ ní ohun tí ó kọ́. Aránṣọ kan ní Denver, tí kò mọ̀ ọ́n rí, ni ó san owó kí ó lè tẹ̀ síwájú. Lẹ́yìn náà, ó fẹ́ wá ṣe míṣọ́nnárì ní Áfíríkà tiwa níhìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn Presbyterian sọ pé kò sí àyè fún aláwọ̀ dúdú. Ó sunkún, ó sì nu ojú rẹ̀ nù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ tí ó wà nítòsí rẹ̀.

Ní oṣù Òkúdù kọ́, ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1904, ó dá iléewé sílẹ̀ ní Daytona, ní Florida, pẹ̀lú dọ́là kan ààbọ̀, ọmọbìnrin 5 àti ọmọkùnrin tirẹ̀. Àpótí ni tábìlì wọn, igi tí a sun ni wọ́n fi ń kọ̀wé, omi èso igbó sì ni tàdáwà wọn.

Ní nǹkan bí ọdún 1911, àìsàn inú tí ó gba iṣẹ́ abẹ ṣe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà. Ilé ìwòsàn àwọn aláwọ̀ funfun gbà á, ṣùgbọ́n fàráńdà ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Bethune rí i, inú rẹ̀ bàjẹ́. Ẹni tí a ti gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ rí mọ ohun tí ẹ̀yìnkùlé jẹ́. Ó dá ilé ìwòsàn kékeré sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ àti fún gbogbo aláwọ̀ dúdú àdúgbò.

Ní ọdún 1923, iléewé rẹ̀ dàpọ̀ mọ́ Cookman Institute, ó di iléewé gíga, òun sì ni olórí rẹ̀ títí di ọdún 1942. Ó kú ní ọdún 1955. Yunifásítì ni ibẹ̀ lónìí, orúkọ rẹ̀ sì wà lára rẹ̀.

Nínú ìwé Ẹ́ksódù, Ọlọ́run kìlọ̀ fún Ísírẹ́lì kí wọ́n má ṣe ni àlejò lára, nítorí àwọn náà ti ṣe àlejò ní Íjíbítì. Nítorí náà, kí olúkúlùkù wo ilé ara rẹ̀. Ta ni ọmọ ọ̀dọ̀ tí ń gbálẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ wa ń kàwé? Bí ó bá mú ìwé lọ́wọ́ ní alẹ́ òní, kí ni a ó sọ fún un? Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tí ń rántí. Àmín.