Agbádá Gbèsè Ń Jó Lóde: Ta Ni Kí Ayàwòrán Ẹ̀fẹ̀ Yà?

Ṣé ẹ ti rí ọkùnrin tó wọ agbádá ńlá lọ sóde ìnáwó, tó ń di ẹran sínú àpò agbádá? Bí ẹ bá rí i lójú ayé, ẹ ó mójú kúrò. Ṣùgbọ́n bí ayàwòrán bá yà á sínú ìwé, ẹ ó rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú, àfi ẹni tó bá rántí pé òun náà ti gbé ọ̀rá lọ sóde rí! Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

ỌMỌGE AYÉ ỌJỌ́UN

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́. Lẹ́yìn tí ogun àgbáyé kìíní parí ní 1918, àwọn ọmọge Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba gé irun wọn mọ́lẹ̀, wọ́n gé yẹ̀rì, wọ́n ń fa sìgá, wọ́n ń jó mọ́júmọ́. Flapper ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn àgbà ń pariwo pé ayé ti bàjẹ́. John Held Jr. ní tiẹ̀ sọ ọ́ di ẹ̀rín: ó ya ọmọge tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rí tín-ín-rín bíi ti lékeléke. Òun ló ya iwájú ìwé F. Scott Fitzgerald tó ń jẹ́ Tales of the Jazz Age, tó jáde ní 1922.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, H. M. Bateman ló mọ àṣìṣe àwùjọ yà jù. Ní 1922 kan náà, ó ya sójà tí ìbọn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń yan. Háà! Ojú àwọn ọ̀gá fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ jáde, bí ẹni pé ayé ti parí. Ẹ wò ó dáadáa: kì í ṣe sójà yẹn nìkan là ń fi rẹ́rìn-ín. Àwọn tó sọ nǹkan kékeré di ńlá gan-an lẹ̀rín wà fún.

ÈKÓ NÁÀ KÒ GBẸ́YÌN

Láti 1929 sí 1930, I. B. Thomas ń tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ sínú Akéde Èkó bíi lẹ́tà, bí ẹni pé obìnrin aláfẹ́ kan ló ń jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni Thomas fi yàwòrán tiẹ̀. Nígbà tó yá, Akínọlá Láṣekan, ọmọ Ọ̀wọ̀, tí wọ́n mọ̀ sí Lash, gbé gègé rẹ̀ ti ìjọba òyìnbó nínú West African Pilot ti Azikiwe. Láàárín 1970 sí 1989, Josy Ajíbóyè ń fi ìgbé ayé ará Èkó dá wa lẹ́rìn-ín nínú Sunday Times.

TA LÀ Ń FI ṢẸ̀FẸ̀?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà rèé. Obìnrin ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán máa ń dojú kọ: gèlè rẹ̀ ga jù, àtíkè rẹ̀ pọ̀ jù. Àwọn flapper ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń gbowó ara wọn. Ní 1920, òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà fàyè gba obìnrin láti dìbò. Ẹ̀rù wà nínú ẹ̀rín míì!

Ṣùgbọ́n ta ni yóò ya bàbá olówó tó rán agbádá láwìn ní Òkokomáíkò? Láti Iléyá ló ti ń sọ fún aránṣọ pé “ọ̀la ni”. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ó rí i tó ń ná owó mọ́ olórin lórí, agbádá gbèsè lọ́rùn, tí ọmọ aránṣọ sì wà nílé nítorí owó ilé-ìwé. Àṣìṣe àwùjọ nìyẹn! Ó burú ju gèlè tó tú lójú agbo lọ. A kì í fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kun pátákó ìsọ̀ ní Ìbà àti lẹ́bàá Yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó l'Ọ́jọ̀ọ́, ọwọ́ yín dá pé. Ẹ yà á fún wa!

Ẹ̀yin òǹkàwé ńkọ́? Ta ni ẹ fẹ́ kí wọ́n yà? Ẹ kọ̀wé sí wa, ṣùgbọ́n ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Bó bá rí agbádá ara rẹ̀ nínú ìwé, yóò mọ̀.