Asọ̀rọ̀mágbèsì Tó Ń Gbèsì: Bí Àwọn Onírédíò Afínnúfíndọ̀ṣe Ṣe Ń Múra De Ọjọ́ Pàjáwìrì

Ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2017, ìjì líle tí wọ́n sọ ní Maria kọlu erékùṣù Puerto Rico, tó wà lábẹ́ àkóso Amẹ́ríkà. Atẹ́gùn náà ń sáré tó nǹkan bíi kìlómítà 250 ní wákàtí kan. Iná mànàmáná kú jákèjádò erékùṣù náà. Ní ọjọ́ kejì, àjọ FCC tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà kéde pé ìdá tó lé ní 95 nínú ọgọ́rùn-ún òpó fóònù tó wà níbẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́ mọ́. Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 3 ló ń gbé erékùṣù yìí. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ìyá òun ṣì wà láàyè ní ìlú kejì kò rí ọ̀nà béèrè. Àwọn ọmọ wọn tó wà ní New York àti Florida ń tẹ fóònù títí, kò dún lódìkejì.

Nígbà náà ni Red Cross ilẹ̀ Amẹ́ríkà ránṣẹ́ sí ARRL, ẹgbẹ́ àwọn onírédíò afínnúfíndọ̀ṣe ní orílẹ̀-èdè náà, pé kí wọ́n bá àwọn wá èèyàn tó máa tó 50 tó lè lọ síbẹ̀. Èèyàn 22 ló lọ níkẹyìn, wọ́n sì lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n bá àwọn onírédíò tó ń gbé erékùṣù náà, tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n fi orúkọ àwọn tó yè é ránṣẹ́ sí òkè òkun kí àwọn ẹbí wọn lè gbọ́ ìròyìn wọn. Àwọn kan dúró ti iléeṣẹ́ iná mànàmáná, wọ́n ń bá wọn gbé ọ̀rọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn kí wọ́n lè tún iná ṣe.

Kò sẹ́ni tó ń san owó oṣù fún wọn. Kí ni wọ́n ti ṣe ṣáájú ọjọ́ náà tó mú kí wọ́n wúlò lọ́jọ́ tí gbogbo fóònù kú? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìdánrawò, nígbà tí nǹkan kan kò tíì ṣẹlẹ̀.

Ta ni wọ́n?

Rédíò tí a mọ̀ nínú ilé, asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn bàbá wa sọ ọ́, torí pé ó ń bá wa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n a ò lè dá a lóhùn. Rédíò tí à ń wí yìí yàtọ̀: ẹni tó ni ín ń gbọ́, ó sì ń fèsì. Ham ni wọ́n ń pe àwọn tó ń lò ó ní èdè Òyìnbó. Oníham lè jẹ́ tísà, nọ́ọ̀sì, awakọ̀, tàbí àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Ó fẹ́ràn rédíò, ó sì ń fi í bá àwọn tó wà ní ìlú mìíràn, kódà ní òkè òkun, sọ̀rọ̀ nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀.

Wọn kì í ṣàdédé bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò, kí ìjọba sì fún un ní ìwé àṣẹ pẹ̀lú àmì ìdánimọ̀ tirẹ̀, èyí tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà tí yóò máa fi pe ara rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́. Òfin kò gbà á láyè láti fi ṣòwò tàbí gba owó lórí ọ̀rọ̀ tó bá gbé. Ní Amẹ́ríkà nìkan, àwọn tó ní ìwé àṣẹ yìí lé ní 700,000. Láti ọdún 1935 ni ARRL ti ní ẹ̀ka kan tó ń jẹ́ ARES, níbi tí àwọn tó bá fẹ́ ṣèrànwọ́ nígbà pàjáwìrì ti ń forúkọ sílẹ̀.

Kí nìdí tí rédíò wọn fi ń ṣiṣẹ́ nígbà tí fóònù bá kú?

Fóònù ọwọ́ wa kò lè dá nǹkan kan ṣe. Ó nílò òpó tó wà nítòsí. Òpó náà nílò iná tàbí díísù jẹnẹrétọ̀. Ó tún nílò wáyà tàbí ọ̀nà mìíràn tó so ó mọ́ ojúkò iléeṣẹ́ fóònù. Bí ọ̀kan bá já nínú wọn, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kódà bí òpó bá dúró, bí gbogbo ìlú bá ń pè lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀nà yóò dí.

Ti oníham kò rí bẹ́ẹ̀. Rédíò méjì, wáyà áńtẹ́nà méjì àti bátìrì méjì ti tó kí ìlú méjì fi bára wọn sọ̀rọ̀. Kò sí iléeṣẹ́ kankan láàárín wọn tó lè wó.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni wọ́n ń gbà sọ̀rọ̀. Èkíní ni rédíò kékeré tí a ń mú lọ́wọ́, tí agbára rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ wáàtì 5. Ìgbì tirẹ̀ ń lọ tààrà bí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì, nítorí náà òkè àti ilé gíga lè dí i lọ́nà. Láti mú kó lọ jìnnà sí i, wọ́n máa ń gbé ẹ̀rọ kan sórí òkè tàbí ilé gíga tó ń gba ọ̀rọ̀, tó sì ń tún un sọ jáde.

Ọ̀nà kejì ni ìgbì tó ń gun òkè lọ bá ìpele kan lójú ọ̀run, tí oòrùn ti fún ní agbára iná, tí yóò sì dá a padà sílẹ̀ ayé. Bí a bá so wáyà náà sókè dáadáa, ọ̀rọ̀ lè dé òdìkejì òkun. Ṣùgbọ́n bí a bá so ó nílẹ̀ díẹ̀, ìgbì náà yóò gòkè tààrà, yóò sì dà padà yí ibi tó ti gbéra ká, bí omi páìpù tí a dojú rẹ̀ kọ òkè. Èyí ló wúlò jù nígbà àjálù, torí ó ń dé ìlú tó wà ní kìlómítà 50 àti èyí tó wà ní 300, òkè kì báà wà láàárín wọn.

Síbẹ̀, ohun tó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án lè má ṣiṣẹ́ lóru. Ìgbì mẹ́gáhátìsì 7 dára lọ́sàn-án fún irú ọ̀nà yìí. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí 3.5. Ẹni tí kò bá ti dán an wò rí kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó yí i.

Ìdánrawò nígbà tí kò sí ewu

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Láti ọdún 1933 ni àwọn oníham Amẹ́ríkà ti ń ṣe ètò kan tí wọ́n ń pè ní Field Day, ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹrin inú oṣù Kẹfà. Ọ̀pọ̀ wọn á kó rédíò jáde kúrò nílé lọ sí pápá, ọgbà ìṣeré tàbí orí òkè. Wọ́n á na wáyà sára igi, wọ́n á lo bátìrì, páńẹ́lì oòrùn tàbí jẹnẹrétọ̀, wọ́n á sì máa pe àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tọ̀sán-tòru fún wákàtí 24. Eré ìdíje ló jọ, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ̀ pé okùn kan kúrú jù, pé bátìrì kan ti gbó, tàbí pé ẹnì kan gbàgbé fíúsì sílé. Ó sàn kí wọ́n mọ̀ ọ́n níbẹ̀ ju kí wọ́n mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tí omi bá ń gbé ilé lọ. Ní oṣù Kẹwàá, wọ́n tún máa ń ṣe ìdánwò mìíràn tí wọ́n á ti díbọ́n pé àjálù ti ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bátìrì gba ìṣirò. Rédíò tó ń fi wáàtì 100 sọ̀rọ̀ lè fa ámpìà 20, ṣùgbọ́n bó bá ń gbọ́ lásán, kì í sábà fa ju ámpìà 1 tàbí 2 lọ. Nítorí náà, ẹni tó gbọ́n máa ń gbọ́ púpọ̀, sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì ń dín agbára rẹ̀ kù sí ìwọ̀n tó bá ti lè gbé ọ̀rọ̀ náà dé.

Oníham tó ti gbára dì ní àpò kan tó wà ní sẹpẹ́: rédíò, bátìrì tó kún, wáyà áńtẹ́nà àti okùn, tọ́ọ̀ṣì, ìwé àti pẹ́ńsù, omi, oúnjẹ, oògùn tó ń lò, àti aṣọ. Ó gbọ́dọ̀ lè bọ́ ara rẹ̀ níbi tó bá lọ, kó má baà di ẹrù sí àwọn tó wá ràn lọ́wọ́ lọ́rùn.

Bí wọ́n ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ kó má baà yí

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò fọkàn sí nìyí. Bí dókítà bá béèrè oògùn 15 tí wọ́n gbọ́ 50, tàbí tí wọ́n ṣi orúkọ oògùn náà gbọ́, ìrànlọ́wọ́ ti di ewu nìyẹn.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹnì kan ṣoṣo ló ń darí ìjíròrò, bí alága ìpàdé. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ àfi tó bá pè é. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ ẹ̀mí àti ikú nìkan ló lè já lu ọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà, wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́. Fọ́ọ̀mù tí àwọn oníham Amẹ́ríkà ń lò ní nọ́ńbà, ọjọ́, àkókò, ibi tó ti wá, àti ìpele mẹ́rin tó ń fi hàn bó ṣe kánjú tó. Ó tún ní iye ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹni tó ń fi ránṣẹ́ bá sọ pé ọ̀rọ̀ 18 ni, ẹni tó gbà á á ka tirẹ̀. Bó bá jẹ́ 17, wọ́n mọ̀ pé ọ̀kan ti bọ́ sọnù, wọ́n á sì wá a títí wọ́n á fi rí i. Orúkọ tó bá ṣòro, lẹ́tà-lẹ́tà ni wọ́n ń pè é: Bola á di Bravo, Oscar, Lima, Alfa. Fún àkójọ orúkọ tó gùn, wọ́n ní ètò kan tó ń jẹ́ Winlink, tó ń gbé lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà gba orí rédíò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ wọn.

Ohun kan wà tó yẹ kí aráàlú mọ̀: ìta gbangba ni ọ̀rọ̀ wọn. Òfin kò jẹ́ kí wọ́n fi àṣírí bò ó, ẹni tó bá ní rédíò lè gbọ́ ọ. Nítorí náà, wọ́n máa ń ṣọ́ra kí wọ́n má so orúkọ ẹnì kan pọ̀ mọ́ àìsàn rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ wọn pin sí

Oníham kì í yọ èèyàn nínú omi, kì í sì í ṣe òun ló ń pín oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń darí ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè é, wọ́n á sì fi í sí ibi tí wọ́n nílò ìròyìn: ilé ìwòsàn, ọ́fíìsì ìjọba, tàbí ibi tí àwọn tí ilé wọn bàjẹ́ fi ṣe ibùgbé, ì báà jẹ́ ilé ẹ̀kọ́, mọ́sálásí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá dìde lọ láìgba ìpè lè dí ọ̀nà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń rọ àwọn oníham láti kọ́ bí àwọn àjọ ìrànlọ́wọ́ ṣe ń pín iṣẹ́ àti àṣẹ. Àjọ FEMA ní irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, bíi IS-100 àti IS-700.

Kí ló kàn wá?

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń gbé ní Houston, Maryland àti London. Ní Amẹ́ríkà, ìdánwò àkọ́kọ́ ní ìbéèrè 35. Ẹni tó bá gba 26 ti yege, kò sì pọn dandan mọ́ láti ọdún 2007 kí ẹnikẹ́ni mọ Morse. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ RAYNET ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ọdún 1953 ni wọ́n dá a sílẹ̀, lẹ́yìn tí omi òkun ya wọ etíkun ìlà-oòrùn lóru ọjọ́ 31, oṣù Kìn-ín-ní ọdún náà, tó sì pa èèyàn tó lé ní 300 níbẹ̀.

Nílé náà, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024, àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun kọjá já nítòsí Côte d'Ivoire. Íntánẹ́ẹ̀tì dákẹ́ tàbí kó falẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, iṣẹ́ báńkì kan sì dẹnu kọlẹ̀ ní Nàìjíríà. Orílẹ̀-èdè wa ní ẹgbẹ́ oníham tirẹ̀, NARS, àmì ìdánimọ̀ wọn sì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N. Ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ sí i, ọ̀dọ̀ wọn ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Kó má kàn lọ ra rédíò lọ́jà kó máa sọ̀rọ̀, torí láìsí ìwé àṣẹ, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin.

Fún àwa yòókù, ìmúrasílẹ̀ tiwa kò gba ìdánwò. Ẹ kọ nọ́ńbà àwọn ẹbí yín sínú ìwé, torí fóònù tó kú kò lè sọ nọ́ńbà fún yín. Ẹ fẹnu kò sí ibì kan tí gbogbo ilé yóò ti pàdé bí ẹ bá pínyà. Ẹ mú ẹbí kan tó wà ní ìlú mìíràn, kí gbogbo yín máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí i. Ẹ ní rédíò kékeré tó ń lo bátìrì nílé, kí ẹ lè gbọ́ ohun tí ìjọba bá kéde. Bí ọjọ́ kan bá sì dé tí oníham bá béèrè lọ́wọ́ yín ní ibùgbé pàjáwìrì pé, "Ta ni kí n bá yín ránṣẹ́ sí?", ẹ ó ti ní orúkọ àti nọ́ńbà náà lọ́wọ́.