"Ẹ̀jẹ̀ Rẹ Dára" Kò Tó: Bí A Ṣe Ń Ka Ìwé Àyẹ̀wò PCOS

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe, n kì í ṣe dókítà. Àmọ́ ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Sharjah mú ìwé kan wá bá mi ní Oud Metha, ní Dubai níbí. Ó ní, "Àńtí, ẹ bá mi wò ó, ẹ̀yin lẹ mọ nọ́ńbà."

Ó ti lé lọ́dún méjì tó ti ṣègbéyàwó. Nǹkan oṣù rẹ̀ lè pa oṣù mẹ́ta jẹ, irun sì ń hù ní àgbọ̀n rẹ̀. Níbi tó ti kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dára, kó máa lọ. Nílé ní tiwọn, wọ́n ti ń wá ẹni tó di ọ̀nà ọmọ mọ́ ọn.

Full blood count nìkan ló wà nínú ìwé náà. Ìyẹn dà bíi kéèyàn ka owó inú àpótí ọjà, kó wá ní òun ti mọ èrè ọdún. Ohun tó ń kà ni sẹ́ẹ̀lì pupa, sẹ́ẹ̀lì funfun, platelet àti haemoglobin. Ó wúlò, torí ẹ̀jẹ̀ obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń dà jù lè lọ sílẹ̀. Nínú PCOS, sẹ́ẹ̀lì funfun lè lé díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú wọn tó lè sọ pé PCOS wà tàbí kò sí.

Kí wá ni PCOS? Ní 1935, dókítà méjì ní Chicago, Stein àti Leventhal, kọ nípa obìnrin méje tó ní in. Láti 2003, ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wò: nǹkan oṣù tí kò wá déédéé, họ́mónù ọkùnrin tó pọ̀ jù, àti ilé ẹyin tó kún fún ẹyin kéékèèké. Tí méjì bá pé, tí kì í sì í ṣe thyroid tàbí prolactin ló fà á, PCOS nìyẹn.

Níbo ni ínsúlíìnì ti wọ̀ ọ́? Òun ló ń mú ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ara. Tí ara ò bá gbọ́ tirẹ̀ mọ́, ara á máa ṣe púpọ̀ sí i. Àpọ̀jù yìí ń mú kí ilé ẹyin ṣe testosterone jù. Ó tún ń mú kí ẹ̀dọ̀ dín SHBG kù, èròjà tó ń di testosterone mú nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹyin ò wá ní gbó, irun á máa hù, irorẹ́ á máa yọ. Obìnrin tínínrín náà lè ní in o.

Nítorí náà, ẹ béèrè àyẹ̀wò ṣúgà tí wọ́n ń mu glucose gíráàmù 75 fún. Lẹ́yìn wákàtí méjì, tí kò bá tó 140 mg/dL, ó dára. 140 sí 199, ìkìlọ̀ ni. Láti 200 lọ, ó ti di àtọ̀gbẹ. Lọ́dọ̀ ẹ̀yin ará London, 7.8 àti 11.1 ni wọ́n ń kọ dípò 140 àti 200.

Ẹ tún sọ genotype yín fún dókítà. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ní 2017 fi hàn pé HbA1c àwọn AS máa ń fi nǹkan bí 0.3 kéré sí ti AA, bí ṣúgà wọn tilẹ̀ dọ́gba. Ẹni tó jẹ́ SS kò gbọ́dọ̀ gbára lé HbA1c rárá.

Ti ọmọ wa jẹ́ 158. Ó ti ń rìn lójoojúmọ́, ó ti dín ẹ̀bà àti ìrẹsì kù, dókítà sì ti fún un ní metformin. Tó bá yá, oògùn letrozole wà tó ń mú ẹyin jáde. PCOS kì í ṣe àgàn. A ò tíì jó ijó ìkómọ, ṣùgbọ́n wọn ò wá ẹni tó ṣe é mọ́ nílé.

Tó bá ń lé ní ọjọ́ 35 kí nǹkan oṣù ọmọ yín tó padà wá, ẹ má ṣe jókòó. Ọlọ́run á fún wa ní àlàáfíà o. Àmín.