Milimita òjò, dígírì ooru: Ohun tí ìwọ̀n ojú ọjọ́ ń sọ fún àgbẹ̀ Òmùpo

Lọ́dọọdún, bí oṣù kẹta bá ti ń lọ sópin, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń wà lẹ́nu àwọn àgbẹ̀ Òmùpo, Ìgbàjà, Àjàṣẹ́-Ìpo, títí dé Òmù-Àrán àti Èsìẹ́: ṣé òjò ti dé ni, àbí ó kàn ń tàn wá? Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹni tó bá kó irúgbìn àgbàdo sílẹ̀ nítorí òjò ẹyọ kan, tí òjò ọ̀hún wá lọ tí kò padà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, irúgbìn yẹn ti gbé. Yóò tún ra òmíràn, yóò tún san owó lébìrà, àsìkò á sì ti lọ.

Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí NiMet, tí òfin gbé kalẹ̀ lọ́dún 2003, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ jáde lọ́dọọdún nípa ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró, àti bí yóò ṣe pọ̀ tó. Rédíò a máa kà á. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dé ibi milimita àti dígírì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa á ní kí ọmọ yí rédíò sí ibòmíràn. A kò bá wọn wí. Nígbà mìíràn, ó jọ pé kò yé ẹni tó ń kà á pàápàá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí òjò. Lórí rúlà àwọn ọmọ iléèwé, àwọn ìlà kéékèèké tó wà láàárín òǹkà kan sí èkejì ni milimita. Bí wọ́n bá ní òjò milimita 20 rọ̀, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ká ní ilẹ̀ tẹ́jú bí tábìlì, tí omi kò ṣàn lọ, tí ilẹ̀ kò fà á mu, tí oòrùn kò sì fà á gbẹ, omi náà ì bá ga tó milimita 20 níbi gbogbo. Milimita kan lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì gùn ní mítà kan, jẹ́ lítà omi kan gééré. Lórí éékà kan, ó lé ní lítà 4,000. Nítorí náà, òjò milimita 20 da omi tó lé ní lítà 80,000 sórí éékà oko kan. Ẹni tó bá fẹ́ fi kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 pọn irú omi bẹ́ẹ̀, kẹ́ẹ̀gì tí yóò gbé á ju 3,200 lọ. Láàárín ọdún kan, òjò tó ń rọ̀ ní Ìlọrin máa ń tó nǹkan bíi milimita 1,200, kì í sì í pín dọ́gba láàárín oṣù.

Báwo wá ni àwọn onímọ̀ ṣe ń mọ ọjọ́ tí òjò dé lóòótọ́? Lọ́dún 1967, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Walter, tó ṣiṣẹ́ lórí òjò ilẹ̀ Nàìjíríà, ní kí a máa ro òjò pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ìgbà tó bá pé milimita 51, ìyẹn ínǹṣì méjì, ni kí a kà sí ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Lọ́dún 1988, Sivakumar, tó ń ṣèwádìí ní ilẹ̀ Niger, fi ohun mìíràn kún un. Ó ní kí òjò milimita 20 rọ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kí ọ̀dá tó ju ọjọ́ méje lọ má sì ṣe wà nínú 30 ọjọ́ tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin àgbà tó ń kà wá lè béèrè pé, ta ló mọ ohun tí 30 ọjọ́ iwájú yóò mú wá? Ìbéèrè náà mọ́gbọ́n dání. Òfin yìí kò ṣeé lò lóòórọ̀ ọjọ́ tí òjò rọ̀. Ohun tó wúlò fún ni ìwé àkọsílẹ̀ ọdún tó ti kọjá. Bí a bá ní àkọsílẹ̀ 20 ọdún tàbí 30 ọdún, a ó mọ ọdún tí òjò ìbẹ̀rẹ̀ tanni jẹ, àti ọjọ́ tó jẹ́ pé ẹni tó bá gbìn lẹ́yìn rẹ̀ kì í sábà pàdánù. Àwọn baba wa ní irú ìwé yìí lórí. Wọ́n ń wo igi tó rú ewé tuntun, wọ́n ń wo ìgbà tí èsúnsún ń fò. Àmọ́ orí kì í rántí ohun gbogbo, ẹni tó sì ni orí ọ̀hún á fi wá sílẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ìṣòro mìíràn ni pé òjò ilẹ̀ wa kì í rọ̀ káàkiri. Ó lè rọ̀ gidigidi l'Ájàṣẹ́-Ìpo lọ́sàn-án, kí eruku ṣì máa sọ l'Ómùpo. Òṣùwọ̀n tí NiMet ń kà ní pápákọ̀ òfuurufú Ìlọrin kò lè sọ iye tó bọ́ sórí ebè iṣu yín. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ kan ṣe dá ètò tí wọ́n ń pè ní TAHMO sílẹ̀, tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ tó ń ka ojú ọjọ́ fúnra rẹ̀ sínú ọgbà iléèwé káàkiri Áfíríkà, tí ẹ̀rọ náà sì ń fi ohun tó kà ránṣẹ́ bí fóònù. Ẹrọ 20,000 ni wọ́n ní lọ́kàn. Ó ṣì kù púpọ̀.

Ẹni tó bá dé ibùdó ìwọn ojú ọjọ́ rí yóò ti rí àpótí funfun kan tó dúró lórí ẹsẹ̀, tí ara rẹ̀ ní àlàfo àlàfo bíi fèrèsé alápákó. Thomas Stevenson, ẹnjiníà ará Scotland, ló ronú rẹ̀. Nítorí ooru ni wọ́n ṣe kùn ún ní funfun, tí wọ́n sì fi àlàfo sí i, kí tẹmómítà inú rẹ̀ lè máa wọn ooru afẹ́fẹ́, kó má wọn ti oòrùn. Tẹmómítà méjì wà níbẹ̀ tó jọra bí ìbejì, ṣùgbọ́n wọ́n fi aṣọ tútù wé ìdí ọ̀kan. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, omi ara aṣọ á máa tètè gbẹ, èyí á sì mú kí tẹmómítà yẹn tutù ju èkejì lọ. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ní àmù nílé ti mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́: nígbà ọyẹ́, omi àmù máa ń tutù nini, ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bá ń rọ̀ lójoojúmọ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ tutù. Bí tẹmómítà méjèèjì bá jìnnà síra, afẹ́fẹ́ gbẹ. Bí wọ́n bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, ewé á pẹ́ kó tó gbẹ láàárọ̀, àrùn tó ń mú ewé ewùrà dúdú bíi pé iná jó o á sì rí àyè tàn.

Ní ti kòkòrò, ibẹ̀ gan-an ni owó àgbẹ̀ ti ń bọ́ sọnù. Ní oṣù kìíní ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ rí kòkòrò ajẹgbàdo tó wá láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà níhìn-ín, àwọn onímọ̀ IITA tí olú ilé-iṣẹ́ wọn wà n'Íbàdàn sì kéde rẹ̀ lọ́dún náà pé ó ti wà ní Nàìjíríà, Benin, Togo àti São Tomé. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó ti gba ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ilẹ̀ Áfíríkà tó wà nísàlẹ̀ aṣálẹ̀. Ẹ ó dá a mọ̀ nípa àmì tó dà bíi lẹ́tà Y tó dorí kodò níwájú orí rẹ̀, àti àmì dúdú mẹ́rin nítòsí ìdí rẹ̀. Labalábá òru ló ń yé e. Ọ̀kan ṣoṣo lè yé ẹyin tó lé ní 1,000, ó sì lè bá atẹ́gùn rin nǹkan bí 100 kìlómítà lóru ọjọ́ kan.

Kòkòrò yìí kò ní ooru tirẹ̀ lára bíi ti èèyàn. Ooru ojú ọjọ́ ló ń mú un dàgbà, a sì lè ṣírò rẹ̀ bí ẹni ń ṣírò àjọ. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní South Africa, tó jáde lọ́dún 2020, fi hàn pé bí ooru bá wà ní nǹkan bíi dígírì 12, kòkòrò náà kò ní dàgbà rárá. Ohun tó bá lé lórí 12 lójoojúmọ́ ni owó àjọ rẹ̀. Bí àròpọ̀ bá ti tó nǹkan bíi 390, ẹyin ti di labalábá, òun náà sì ti ń wá ibi tí yóò yé sí. Ẹ mú ooru tó ga jù lọ́jọ́ kan àti èyí tó lọ sílẹ̀ jù, ẹ rò wọ́n pọ̀, ẹ pín in sí méjì. Bí ó bá jẹ́ 29, àjọ ọjọ́ yẹn jẹ́ 17, yóò gbà tó ọjọ́ 23 kó tó pé. Bí ó bá jẹ́ 25 nígbà tí òjò ti mú ilẹ̀ tutù, àjọ ọjọ́ kan jẹ́ 13, ó di ọjọ́ 30.

Kí ni èyí wúlò fún? Oògùn máa ń pa kòkòrò náà nígbà tó ṣì kéré, tó ń ha ara ewé. Bó bá ti tóbi, tó wọ inú ihò àárín ewé, tó fi ìgbẹ́ ara rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà, owó oògùn tí ẹ ná dà bí owó tí ẹ jù sódò. Ẹyin máa ń pa lọ́jọ́ méjì sí mẹ́ta. Nítorí náà, ẹni tó ń lọ wo oko lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́ta lásìkò ooru yóò bá àwọn àgbà kòkòrò níbẹ̀, ẹni tó ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ á fi ọwọ́ tẹ ẹyin pa. Òjò líle máa ń wẹ àwọn kéékèèké dànù, ó sì máa ń rì wọ́n sínú omi àárín ewé. Ìgbà tí ẹ bá rí i pé òjò ti dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àgbàdo sì ṣì kéré, ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ ṣọ́ra.

Ti tata tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ yàtọ̀. Nígbà àkọ́rọ̀ òjò ló ń kó ẹyin rẹ̀ pa mọ́ sínú ilẹ̀ lábẹ́ ibòji, ẹyin náà á wà níbẹ̀ títí di nǹkan bí oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní gúúsù Nàìjíríà láàárín ọdún 1970 sí 1980 fi hàn pé bí àwọn ará abúlé bá sàmì sí ibi tó yé sí, tí wọ́n sì hú u síta, tata á dín kù gan-an lọ́dún náà. Kò gba oògùn, ọkọ́ ló gbà.

Atẹ́gùn náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Bí ewé igi bá ń mì tìtì, ẹ má fín oògùn, ojú yín àti oko aládùúgbò ló ń lọ. Òwúrọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ tí afẹ́fẹ́ rọra ń fẹ́ ló dára, níwọ̀n ìgbà tí òjò kò bá ṣú, kí oògùn má bàa ṣàn lọ pẹ̀lú owó yín.

Òṣùwọ̀n òjò kò wọ́n. Ẹ wá agolo tí ẹnu rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ dọ́gba. Bóyá ó tóbi tàbí ó kéré, kò ṣe nǹkan, nítorí gíga omi ni à ń wọ̀n. Ẹ dè é mọ́ òpó ní gbangba, kó jìnnà sí igi àti òrùlé tó ìlọ́po méjì gíga wọn. Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ojoojúmọ́, kí ọmọ kan fi rúlà wọn omi inú rẹ̀, kó sì dà á nù. Bí òǹkà rúlà kò bá bẹ̀rẹ̀ láti etí igi gan-an, ẹ gé orí rẹ̀ kúrò kó dé ibi òdo. Nínú ìwé kan, kó kọ ọjọ́, kó kọ milimita, kó sì kọ ohun tí ẹ rí lóko: ẹyin lábẹ́ ewé, tata lábẹ́ igi, ọjọ́ tí ẹ gbin àgbàdo. Bí òjò kò bá rọ̀, kó kọ òdo. Ẹ má jẹ́ kó fi í sílẹ̀ lófìfo, nítorí bó bá di ọdún tó ń bọ̀, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ bóyá òjò ni kò rọ̀ ni, àbí ọmọ ni kò wo agolo.