Ṣé o mọ̀? Gíà wo ló yẹ Mustang àtijọ́ l'Ékòó?

Ṣé o mọ̀ pé gíà mẹ́ta péré ló wà nínú C4, gíà ọ́tò tí Ford bẹ̀rẹ̀ sí í fi sínú Mustang ní 1964? Ní Ìdúmọ̀tà, níbi tí ọkọ̀, ọmọlanke àti alárù ti jọ ń du ọ̀nà, ó tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí o bá gun afárá Third Mainland, tó gùn ju kìlómítà 11 lọ, wàá gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ké.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń wá T-5, gíà máńúà ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún inú Mustang V8 ọdún 1985. 0.68 ni ìwọ̀n gíà karùn-ún rẹ̀: ibi tí ẹ́ńjìnnì ìbá ti yí nígbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan lórí gíà kẹrin, 2,040 ni yóò yí, eré ọkọ̀ ò sì ní í dín. Epo náà á tọ́jọ́. Àmọ́ títẹ kílọ́ọ̀ṣì nínú gosiló Carter Bridge, ìyà wo ló tún kù? Tó bá jẹ́ Ìsàlẹ̀ Èkó nìkan lọkọ̀ náà ń rìn, èmi ò ní yọ C4.

Tí o bá ń ra gíà ọ́tò tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀, Múṣín, fi ìka kan ọ́ìlì tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Pupa ló yẹ kó rí. Tó bá dúdú, tó ń rùn bí nǹkan tó jóná, rọra fi í sílẹ̀. Wọn gígùn rẹ̀ mọ́ ti àtijọ́ kó o tó sanwó. Tí wọn ò bá bára mu, wọ́n lè ní láti gé pùròpélà.